Bí ẹ ṣe lè kó ọ̀dọ́ jọ fún ọjọ́ méjì ní Kàbà kí wọ́n sọ ìwé ìnṣọ́ránsì oko di prógírámù

Ọ̀kun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á, torí ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ṣojú mi, mo sì fẹ́ kí àwọn tó wà ní Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Mọ̀pà, Ìyàrà àti Lọ́kọ́jà náà lè ṣe tiwọn láì dúró de ẹnikẹ́ni láti Èkó tàbí Àbújá.

Oko kajú àbúrò bàbá mi kan ló fà á. Lọ́nà Ìyámoyè ni oko ọ̀hún wà, ọyẹ́ ti mú, gbogbo koríko ti gbẹ, àwọn kan tó ń ṣọdẹ ọ̀yà wá dáná sígbó lódìkejì, ká tó wí ká tó fọ̀ afẹ́fẹ́ ti gbé iná wọ inú kajú. Wọ́n ní ìnṣọ́ránsì lórí oko yẹn o, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn ló bá wọn gbà á. Nígbà tí wọ́n lọ béèrè kíléèmù, ilé-iṣẹ́ náà ní ìwé àdéhùn sọ pé àwọn ò ní sanwó lórí oko tí wọn ò bá ṣán ọ̀nà yíká kí iná má lè wọlé. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣán ọ̀nà yíká, èmi gan-an wà lára àwọn tó di àdá mú lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ya fọ́tò, iná sì ti kọjá lórí gbogbo ẹ̀. Báyìí ni "a ò rí ẹ̀rí" ṣe di "wọn ò ṣe é". Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú bí ẹ ṣe ń kà á lọ, torí kọ̀ǹpútà lè fi í hàn yín gbangba kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé.

Hackathon, fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí, ni pé ẹ kó èèyàn jọ síbì kan, ẹ gbé iṣẹ́ kan síwájú wọn, ẹ fún wọn ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí wọ́n ṣe é débi tí wọ́n bá lè ṣe é dé. A ti ṣe ọ̀kan ní Kàbà. Iṣẹ́ tí a gbé síwájú wọn ni pé kí wọ́n mú ìwé ìnṣọ́ránsì kan kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tí kọ̀ǹpútà á fi lè dáhùn pé "iná báyìí jó lọ́jọ́ báyìí, ṣé wọ́n á san àbí wọn ò ní san, kí ló dé?"

Èdè kọ̀ǹpútà tí mo ní kí ẹ lò ni Prolog. Àwọn èdè tó wọ́pọ̀, ẹ máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ṣe èyí, tó o bá ṣe é tán ṣe ìyẹn. Prolog ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ fún un, ẹ máa sọ òfin fún un, ẹ wá bi í léèrè, òun fúnra ẹ̀ á wá ìdáhùn lọ. Ìwé ìnṣọ́ránsì sì ti rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀, tí ẹ bá yọ gbogbo òyìnbó ńlá ńlá inú ẹ̀ kúrò kò ju "tí báyìí bá ṣẹlẹ̀ a ó san, àyàfi tí báyìí bá jẹ́ báyìí" lọ. Ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé ni Alain Colmerauer àti Philippe Roussel ti ṣe Prolog ní 1972, Robert Kowalski sì ló bá Colmerauer ro apá tó jẹ́ ti lọ́jíìkì. Nígbà tó di 1986, Kowalski, Marek Sergot àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Imperial College ní London gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n fi kọ òfin tó sọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti 1981, sínú Prolog, èèyàn á bi í pé ọmọ tí wọ́n bí síbí lọ́jọ́ báyìí, tí òbí ẹ̀ jẹ́ báyìí, ṣé ọmọ ìlú ni, á sì dáhùn. Lónìí ní Stanford ní Amẹ́ríkà, ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní CodeX ń ṣiṣẹ́ lórí ìwé ìnṣọ́ránsì tí kọ̀ǹpútà lè kà. Ọ̀nà tí wọ́n ti là ni, àwa kàn fẹ́ gbà á dé oko kajú ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èèyàn. Ogún èèyàn tó, ẹ má kó ju bẹ́ẹ̀ lọ ní àkọ́kọ́. Ẹ pín wọn ní mẹ́rin mẹ́rin. Nínú mẹ́rin yẹn, ẹnìkan á máa ka ìwé, ẹnìkan á máa tẹ kóòdù (ohun tí a kọ fún kọ̀ǹpútà ní èdè tiẹ̀), ẹnìkan á dúró fún àgbẹ̀, ẹnìkan á dúró fún ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì. Ẹ má fo méjì tó gbẹ̀yìn yẹn o, òun ló ṣe pàtàkì jù. A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà, àwọn àgbà wa ti sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan ló jókòó ti ìwé, gbólóhùn tí kò bá yé e, bó ṣe rọrùn fún un ló máa kọ ọ́, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣẹjọ́ fún ẹnìkan. Yàtọ̀ sí àwọn ọ̀dọ́, ẹ wá àgbẹ̀ gidi méjì tàbí mẹ́ta, éjẹ́ǹtì ìnṣọ́ránsì kan, àti lọ́yà kan tó bá gbà láti jókòó tì yín látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ má pè wọ́n bí àlejò pàtàkì tó máa jókòó lórí àga ńlá kó sọ̀rọ̀ kó lọ. Inú gúrúùpù ni kí wọ́n jókòó sí.

Lórí ẹ̀rọ, SWI-Prolog ni kí ẹ lò, òun ni kọ̀ǹpútà á fi ka Prolog, ọ̀fẹ́ ni, Jan Wielemaker ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Amsterdam ní 1987, wọ́n ṣì ń tún un ṣe títí dòní. Ẹ dáúnlóòdù ẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ẹ gbé e sórí fláàṣì, ẹ fi sórí gbogbo láptọ́ọ̀pù ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. SWISH wà tó jẹ́ pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń lò ó láì fi nǹkan kan sórí ẹ̀rọ, ó dáa, àmọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ iṣẹ́ dúró nìyẹn. Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù, tí fóònù ẹ̀ bá jẹ́ Android, kó fi áàpù tí wọ́n ń pè ní Termux sí i, kó tẹ pkg install swi-prolog, ó máa ṣiṣẹ́. Ìdajì àwọn tó wá sọ́dọ̀ wa ló lo fóònù, kò sì dí wọn lọ́wọ́. Ẹ wá jẹnẹrétọ̀ àti epo tó máa tó ọjọ́ méjì, ẹ fi wáyà gígùn sí i kí ariwo ẹ̀ má bá yín nínú yàrá.

Ìwé tí ẹ máa lò ńkọ́? Ẹ má gbé ìwé olójú ewé ogún ka iwájú wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi third party mọ́tò nu ojú wọn, torí ó kúrú, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n: láti oṣù kìíní 2023, ₦15,000 ni fún mọ́tò ara ẹni, ẹlòmíì tí ẹ bá ṣe léṣe àti ohun ìní ẹlòmíì tí ẹ bá bàjẹ́ ni wọ́n ń sanwó fún, ti ohun ìní kò sì ní ju mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ, mọ́tò tiyín ò sí níbẹ̀. Wákàtí méjì ti tó fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ẹ wá gbé ti oko jáde. Èyí tí a lò, àwa la kọ ọ́ fúnra wa bíi àpẹẹrẹ, a kàn wo bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí. Gbólóhùn márùn-ún péré:

Ọ̀kan: A ó san owó tí iná bá jó igi kajú lóko oníbàárà láàárín ọjọ́ tí ìwé bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ tó parí.
Méjì: Owó oníbàárà gbọ́dọ̀ ti wọlé kí iná tó jó.
Mẹ́ta: Oníbàárà gbọ́dọ̀ fi tó wa létí láàárín ọjọ́ méje.
Mẹ́rin: A ò ní san lórí oko tí wọn ò ṣán ọ̀nà yíká.
Márùn-ún: ₦5,000 la ó san lórí igi kan, kò ní ju ₦600,000 lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá sì jẹ́ ti oníbàárà láti fara mọ́.

Gbólóhùn kejì yẹn kì í ṣe àbá wa o. Òfin Ìnṣọ́ránsì ti 2003 sọ ọ́ ní apá 50 pé tí owó ò bá tíì wọlé, kò sí àdéhùn. Òfin tuntun ti rọ́pò ti 2003 ní 2025, torí náà ohunkóhun tí ẹ bá mú látinú òfin, ẹ kọ ọdún àti nọ́ńbà apá ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù. Nínú Prolog ohun tó bá tẹ̀lé àmì % kọ̀ǹpútà ò ní kà á, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ irú ẹ̀ sí.

Títí di ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni má tẹ kóòdù. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún wọn, ẹ dì wọ́n mú. Ìwé ni kí wọ́n kà, kí wọ́n fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹni méjì lè gbọ́ lọ́nà méjì. "Fi tó wa létí", báwo? Bàbá àgbẹ̀ kan tó wà lọ́dọ̀ wa béèrè pé tí òun bá sọ fún éjẹ́ǹtì ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣé òun ti fi tó wọn létí nìyẹn àbí ó dìgbà tí òun bá kọ lẹ́tà. Éjẹ́ǹtì tó wà níbẹ̀ ronú títí, ó ní òun fúnra òun máa kà á sí, àmọ́ òun ò lè sọ pé ọ́fíìsì máa kà á sí. Ẹ rí i? Irú ìbéèrè yẹn ni kí ẹ kọ sórí pátákó, kí ẹ má pa á rẹ́ títí ẹ ó fi parí. "Yíká" ńkọ́, tí odò bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan oko? "Kí iná tó jó", tí owó bá wọlé láàárọ̀ tí iná jó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà?

Ó wá yá, kóòdù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ:

iwe(oko1, '2024-11-01', '2025-10-31').
san_owo(oko1, '2024-10-28').
ina(ina1, oko1, '2025-01-29').
fi_to_leti(ina1, '2025-02-02').

Ìlà kọ̀ọ̀kan ń sọ ohun kan tó dájú, àmì ìdánudúró ló sì máa ń parí ẹ̀, ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀ á rí ìbínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà òfin:

ojo(Deeti, N) :- parse_time(Deeti, S), N is floor(S / 86400).

wa_labe_adehun(Ina) :-
    ina(Ina, Oko, D),
    iwe(Oko, B, P),
    san_owo(Oko, S),
    fi_to_leti(Ina, F),
    ojo(D, ND), ojo(B, NB), ojo(P, NP), ojo(S, NS), ojo(F, NF),
    ND >= NB, ND =< NP,
    NS < ND,
    NF - ND =< 7,
    \+ yo_sile(Ina).

Àmì :- yẹn, ẹ kà á sí "tó bá jẹ́ pé". Kọ́mà, ẹ kà á sí "àti pé". Àmì \+ ni "a ò lè fi hàn pé". Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí "kì í ṣe" o, ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́ yẹn, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ láìpẹ́. Ní ti yo_sile, òun ni ohun tí ìwé ní àwọn ò ní sanwó lé lórí, a ó kọ òfin tiẹ̀ nísàlẹ̀. Tí ẹ bá kà á sókè fún àgbẹ̀ á yé e: iná yìí wà lábẹ́ àdéhùn tó bá jẹ́ pé ó jó lóko báyìí, àti pé oko náà ní ìwé, àti pé wọ́n ti sanwó, títí dé ìsàlẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n fẹ́ràn Prolog fún iṣẹ́ yìí, ẹni tí kò tẹ kóòdù rí lè jókòó ti ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kó sì sọ pé ibí yìí ò rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn àṣìṣe tí gbogbo gúrúùpù ṣe, ẹ jẹ́ kí n kọ wọ́n kí ó má gba àkókò yín bó ṣe gba tiwa.

Lẹ́tà ńlá. Nínú Prolog, ọ̀rọ̀ tó bá fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe orúkọ, àyè òfìfo ni, ohunkóhun ló lè bọ́ síbẹ̀. Ẹnìkan kọ oko(Iyara) torí wọ́n ti kọ́ wa ní ilé-ìwé pé lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú, kọ̀ǹpútà wá gbà pé gbogbo ohun tó wà láyé ni oko. Ẹ kọ ọ́ ní iyara, lẹ́tà kékeré.

Àmì ohùn. Mo fẹ́ràn kí á fi àmì sórí Yorùbá, àmọ́ ẹ má fi í sínú orúkọ inú kóòdù. Lẹ́tà bíi ọ̀ tó ní àmì lókè tó tún ní nísàlẹ̀, fóònù kan lè tọ́jú ẹ̀ lọ́nà kan kí láptọ́ọ̀pù kan tọ́jú ẹ̀ lọ́nà míì, ojú wa á rí i bí ọ̀kan náà, kọ̀ǹpútà á ní méjì ni. Gúrúùpù kan fi wákàtí kan gbáko wá ohun tó fà á tí prógírámù wọn ò fi rí ọ̀rọ̀ tó wà níwájú wọn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá yọ àmì, ìṣòro míì tún dé, torí san owó àti ṣán oko ti di ọ̀kan náà. Torí náà ẹ máa fi ọ̀rọ̀ kan kún un, san_owo fún owó, ona_yika fún ọ̀nà tí wọ́n ṣán. Àlàyé tó wà lẹ́yìn %, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi gbogbo àmì sí i dáadáa kí àgbà lè kà á.

Déètì. Àwọn kan kọ 29 oṣù kìíní 2025 bíi 20250129, wọ́n ní ó rọrùn láti fi wéra. Òótọ́ ni, èyí tó bá pọ̀ jù ló dé kẹ́yìn. Àmọ́ wọ́n wá yọ ọ́ kúrò nínú 20250202 kí wọ́n lè mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín, ó fún wọn ní 73, prógírámù wá sọ pé àgbẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ẹ ro ó wò kó jẹ́ ọ́fíìsì gidi ni wọ́n ti ń lò ó, gbogbo ẹni tí iná jó oko ẹ̀ ní òpin oṣù ni wọ́n máa kọ̀ fún. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ojo sókè yẹn, ó ń sọ déètì di iye ọjọ́ gidi, 86400 sì ni ìṣẹ́jú àáyá tó wà nínú ọjọ́ kan.

Ipò \+ náà ṣe pàtàkì. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi í sí, lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti mọ iná àti oko tí à ń sọ. Tí ẹ bá gbé e ṣáájú, kò ní béèrè nípa oko kan pàtó mọ́, ó máa béèrè nípa gbogbo oko lápapọ̀, ìdáhùn á sì ṣì yín lọ́nà.

Ó wá kù gbólóhùn kẹrin, èyí tó ba ti àbúrò bàbá mi jẹ́. "A ò ní san lórí oko tí wọn ò ṣán ọ̀nà yíká." Ọ̀pọ̀ gúrúùpù kọ ọ́ báyìí láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì (àmì _ yẹn, ẹ kà á sí "ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀"):

yo_sile(Ina) :- ina(Ina, Oko, _), \+ ona_yika(Oko).

Gúrúùpù kan ṣoṣo ló kọ ọ́ báyìí:

yo_sile(Ina) :- ina(Ina, Oko, _), ko_si_ona(Oko).

Ẹ fi ìlà yìí sókè pátápátá kí ó má bàa bínú pé òun ò mọ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn:

:- dynamic ona_yika/1, ko_si_ona/1.

Ẹ wá bi àwọn méjèèjì léèrè nípa ina1, láì sọ ohunkóhun nípa ọ̀nà. Ti àkọ́kọ́ ní kò sí lábẹ́ àdéhùn. Ti èkejì ní ó wà lábẹ́ àdéhùn. Gbólóhùn kan náà, iná kan náà, oko kan náà o. Nínú ti àkọ́kọ́, tí ẹnikẹ́ni ò bá ti mú ẹ̀rí wá pé ọ̀nà wà, wọn ò ní sanwó fún àgbẹ̀. Nínú ti èkejì, ilé-iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé ọ̀nà ò sí. Nígbà tí a gbé méjèèjì sára ògiri, inú yàrá dákẹ́. Èmi mọ ohun tí mò ń wò, torí mo ti rí ti àkọ́kọ́ yẹn lójú ayé rí, kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀ nígbà yẹn.

Lọ́yà tó wà lọ́dọ̀ wa ló wá ṣàlàyé bí òfin tí a jogún lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń wò ó. Ẹni tó ń béèrè owó ló máa fi hàn pé ohun tó ṣẹlẹ̀ wà lára ohun tí ìwé ní àwọn á san. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ a ti yọ irú èyí sílẹ̀", òun ló máa fi hàn pé ohun tí òun yọ sílẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Nítorí náà tí gbólóhùn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "a ò ní san", ọ̀nà kejì ló sún mọ́ òfin jù. Àmọ́ tí wọ́n bá yí i padà pé "oníbàárà gbọ́dọ̀ ṣán ọ̀nà yíká kí àdéhùn tó múlẹ̀", ẹrù ti padà sí orí àgbẹ̀, inú wa_labe_adehun ni ona_yika á wà, kò ní sí nínú yo_sile mọ́. Àwọn tó ń kọ ìwé wọ̀nyí mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Àwa tó ń buwọ́ lù ú ni kò mọ̀ ọ́n.

Gbólóhùn karùn-ún náà ní tiẹ̀. Ká ní igi 150 ló jó. Márùn-ún márùn-ún ẹgbẹ̀rún, ₦750,000 nìyẹn. Ṣé ẹ máa kọ́kọ́ gé e sí ₦600,000 kí ẹ tó yọ ìdá mẹ́wàá, àbí ẹ máa kọ́kọ́ yọ ìdá mẹ́wàá?

owo(Igi, Owo) :- Owo is min(Igi * 5000, 600000) * 9 // 10.
owo(Igi, Owo) :- Owo is min(Igi * 5000 * 9 // 10, 600000).

Ẹ kọ méjèèjì pọ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, ẹ béèrè owo(150, X), Prolog á kọ́kọ́ fún yín ní 540000, ẹ tẹ àmì ; (sẹmikólọ̀n). Á wá fún yín ní 600000. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà wà láàárín, ìwé ò sì sọ èwo ni. Tí ọ̀rọ̀ bá ní ìtumọ̀ méjì báyìí, ilé-ẹjọ́ sábà máa ń gbè sẹ́yìn ẹni tí kò kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn àgbẹ̀ wa ló máa gbé ọ̀rọ̀ ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún dé kóòtù ní Lọ́kọ́jà? Kí ẹ rí i kó tó dọjọ́ yẹn ló dáa jù. Ẹ má jẹ́ kí gúrúùpù kankan yan ọ̀kan ní ìdákẹ́jẹ́ o, kí wọ́n kọ méjèèjì, kí wọ́n sì kọ ìbéèrè náà sórí pátákó.

Ohun míì tí mo ń tẹnu mọ́ ni ìdí. Tí Prolog bá dáhùn "false" (rárá) lásán, kì í ṣe ìdáhùn tí èèyàn lè gbé lọ bá àgbẹ̀ nílé. Fún gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ òfin kan tó máa sọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀:

idi(Ina, owo_pe_wole) :-
    ina(Ina, Oko, D), san_owo(Oko, S),
    ojo(D, ND), ojo(S, NS), NS >= ND.

Ẹ ṣe irú ẹ̀ fún ọjọ́ méje, fún ọ̀nà yíká, fún ìwé tó ti parí. Kò le, ó kàn gba sùúrù. Tí prógírámù bá kọ̀ tí kò sì rí ìdí kankan sọ, ẹ ti já gbólóhùn kan sílẹ̀ níbì kan nìyẹn, ẹ padà lọ wá a.

Ìdánwò. Kí gúrúùpù kọ̀ọ̀kan kọ ìtàn mẹ́jọ sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ òfin àkọ́kọ́, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn tí wọ́n rò pé ó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Iná tó jó lọ́jọ́ tí ìwé parí gan-an. Owó tó wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó sọ fún wọn lọ́jọ́ keje, ẹni tó sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Iná méjì lóko kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin tó ṣètò náà, ẹ kọ mẹ́wàá tiyín sínú ìwé tí ẹ ò ní ṣí títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òun ni wọ́n máa fi gba máàkì tó pọ̀ jù. Máàkì tó kù, ẹ pín in sí méjì: ọ̀kan fún bí ìdí ṣe yé àgbẹ̀ tó nígbà tí wọ́n kà á sí i létí ní èdè tiwa, ọ̀kan fún iye ìbéèrè gidi tí gúrúùpù náà rí nínú ìwé. Ẹni tó ṣe ojú ìwé tó ń tàn yanran, ẹ kí i, ẹ má fún un ní máàkì lórí ẹ̀. Nípa ẹ̀bùn, tiwa jẹ́ détà àti àpò gàrí, inú wọn sì dùn sí i.

Lẹ́yìn ìdíje, ohun méjì ni kí ẹ mú kúrò níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni gbogbo ìbéèrè tó wà lórí pátákó, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó gbé e lọ bá éjẹ́ǹtì kí wọ́n tó tún ìwé ọdún tó ń bọ̀ ṣe, kí wọ́n gba ìdáhùn ní kíkọ. Èkejì ni ìlà kékeré kan tí ọmọbìnrin kan láti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ kọ nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà yíká ń jà nínú yàrá. Ó ní òun ò fẹ́ mọ ẹni tó yẹ kó mú ẹ̀rí wá, òun fẹ́ mọ oko tí ẹ̀rí ò tíì sí fún rárá:

beere(Oko) :- iwe(Oko, _, _), \+ ona_yika(Oko), \+ ko_si_ona(Oko).

Ẹ kó orúkọ gbogbo oko tó ní ìwé nínú ẹgbẹ́ yín síbẹ̀, ẹ tẹ beere(X) ní oṣù kọkànlá kí ọyẹ́ tó mú, á to àwọn oko tí kò sẹ́ni tó tíì lọ wò lẹ́sẹẹsẹ fún yín. Kí ọmọ méjì gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀, kí wọ́n tan lokéṣọ̀n fóònù kó lè fi ibi tí wọ́n wà hàn, kí wọ́n ya ọ̀nà náà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pẹ̀lú onóko tó dúró níbẹ̀, kí wọ́n fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí éjẹ́ǹtì lọ́jọ́ yẹn gan-an kí déètì lè wà lórí ẹ̀. Tí wọ́n bá débẹ̀ tí ọ̀nà ò sí, àdá ló kù.